Ẹ̀wà Ọgọ́rùn-ún Kang Luhe

Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Kò lórin, kò ní ègbè, ìjàpá kò sì sí níbẹ̀. Àwo tí ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí ṣì wà lórí pẹpẹ. Ẹni tí kò bá gbà gbọ́, kí ó gun òkè lọ wò ó.

Kang Luhe ti lé ní ogójì ọdún kí ó tó gun òkè náà. Wàrà sóyà ló ń ṣe tà nílé. Ìjókòó ló wá kọ́, ìyẹn ọ̀nà tí àwọn bàbá orí òkè ń gbà sọ ara di ìkòkò, tí wọ́n ń se èémí nínú rẹ̀ títí yóò fi di ẹ̀mí tí kì í kú. Ẹ̀mí yẹn ni wọ́n ń pè ní ọmọ; àtàrí ló máa ń gbà jáde. Bàbá Yin ni olùkọ́ ibẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ohun kan náà ló máa ń sọ:

"Tún ilé ṣe kí o tó dáná. Dáná kí o tó se nǹkan. Jẹ́ kí ó jinná kí ọmọ tó dé. Jẹ́ kí ọmọ gbó kí o tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ẹni tó bá fo ọ̀kan, n kò mọ ohun tí yóò bá nílé."

Ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ni títún ilé ṣe. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ bínú, kò gbọdọ̀ mutí, kò gbọdọ̀ sún mọ́ obìnrin. Láràárọ̀, yóò ju ẹyọ ẹ̀wà sóyà kan sínú àwo rẹ̀. Bí ó bá ṣẹ̀, yóò gbé àwo náà lọ síwájú Bàbá, yóò dà á nù, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹyọ kan. Kò sí ìyà mìíràn.

Fan Kezhi tó ń dáná fún wọn ti da tirẹ̀ nù lẹ́ẹ̀mẹta. Ìbínú ni tirẹ̀. Kang ló sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀ bá kúkú gbin ẹ̀wà yẹn. Ì bá ti so."

"Máa rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà á dà á."

"Èmi kẹ̀? Ẹ dúró dè mí."

Ní ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́ta, wọ́n rán Kang lọ ra iyọ̀ nísàlẹ̀ òkè. Òjò ká a mọ́ ilé opó kan tó ń ta ọbẹ̀ gbígbóná. Òjò náà dá. Kang kò dìde. Nígbà tó máa gun òkè padà, ilẹ̀ ti mọ́. Iyọ̀ wà léjìká rẹ̀. Òórùn ata ilé obìnrin náà wà lápá aṣọ rẹ̀.

Ó gbé àwo rẹ̀ láti dà á nù. Fan wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ṣan ìrẹsì, ó ń wò ó.

"Akọni! Mélòó lónìí?"

Kang wo inú àwo. Etí rẹ̀ gbóná. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀.

"Méjìlélọ́gọ́ta," ó ní. Ó ju ẹyọ kan sí i.

Irọ́ àkọ́kọ́ ló wúwo. Àwọn tó kù fúyẹ́. Nígbà tí Bàbá béèrè bóyá ọgọ́rùn-ún ti pé, ó ní ó ti pé. Bàbá kò kà á. Kì í ka ẹ̀wà ẹnikẹ́ni. Èyí gan-an ló dun Kang jù.

Wọ́n wá kọ́ ọ ní iná dídá. Kí èémí kó jọ sísàlẹ̀ ìdodo, kí ó gbóná, kí ó gba ọ̀pá ẹ̀yìn gòkè dé àtàrí, kí ó sì gba iwájú sọ̀ kalẹ̀.

"Ó gbóná?" Bàbá béèrè.

"Ó gbóná, Bàbá."

Kò gbóná. Òtútù ló ń gòkè. Ó ń gun eegun ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn nínú ilé tí onílé kò sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìkùukùu bo òkè. Gbogbo wọn jókòó nínú gbọ̀ngàn. Òtútù náà dé àtàrí Kang. Ó dúró. Kang gbọ́ ìró kékeré kan ní àtàrí rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ṣí ọmọrí ìkòkò. Ó la ojú. Kò rí nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ìkùukùu ẹnu ọ̀nà pínyà díẹ̀, bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibẹ̀ jáde.

Nígbà tó dé ìdí àwo rẹ̀, ọgọ́rùn-ún ẹ̀wà kò sí níbẹ̀ mọ́. Ẹyọ kan péré ló wà.

Lọ́jọ́ kejì, ó di méjì.

Ní ọjọ́ kẹwàá, ara Kang kò gbà á mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, eré yìí tó o."

"Eré wo?"

"Ẹ̀wà mi."

"Tèmi ni mi ò tíì rí kà tán, kí n tún wá máa ka tìẹ? Kúrò níwájú mi, kí n má lọ bínú, kí n má tún da tèmi nù." Fan bu omi síná. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n nígbà tí o bá mi ṣẹ́gi lánàá, o ò ṣe báyìí. O rọra ń ṣe. O tiẹ̀ bẹ̀ mí fún yẹ̀yẹ́ àtijọ́."

Kang kò ṣẹ́gi lánàá.

Ó fi aṣọ bo àwo náà, ó fi okùn dì í. Nígbà tó máa di àárọ̀, ẹ̀wà ti di mọ́kànlá. Okùn náà ṣì wà ní dídì, ṣùgbọ́n kókó tí àwọn tó ń fún wàrà sóyà máa ń ta ló wà lára rẹ̀. Kang nìkan ló mọ̀ ọ́n ta lórí òkè náà. Kì í sì í ṣe irú kókó tó ta nìyẹn.

Bàbá kò béèrè mọ́ bóyá ó gbóná. Ara tu Kang. Ojú sì tì í pé ara tu òun. Ìrọ̀rí rẹ̀ máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ó tó jókòó lé e. Abọ́ rẹ̀ máa ń ti di fífọ̀ kí ó tó jẹun. Ebi kò sì pa á.

Ó ń retí ọjọ́ kọkànlélọ́gọ́ta ẹ̀wà tuntun yìí. Ó ń gbàdúrà ní ìkọ̀kọ̀ pé kí ohun yòówù kó jẹ́ ṣubú níbi tí òun ti ṣubú. Lọ́jọ́ náà, kò kúrò nídìí àwo láti àárọ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, Fan yọjú.

"O ṣeun iyọ̀ o. Òjò yẹn kò tiẹ̀ dá ọ dúró."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, méjìlélọ́gọ́ta.

Kang kò tètè lọ bá Bàbá. Ojú ń tì í lónìí, ojú ń tì í lọ́la, ẹ̀wà sì ń pọ̀ sí i. Ní àárọ̀ ọjọ́ kọkàndínlọ́gọ́rùn-ún ló tó lọ. Bàbá ń rán bàtà.

"Bàbá, mo purọ́. Ọgọ́rùn-ún mi kò pé."

Bàbá kò gbójú sókè. "Mo mọ̀. O ti wá sọ ọ́."

"Nígbà wo?"

"Àárọ̀ ọjọ́ tí ìkùukùu bolẹ̀ yẹn. O sunkún. O da ẹ̀wà nù níwájú mi. Àbí o ti gbàgbé? Ọ̀la ló pé."

"Bàbá, èmi kọ́ ni mo wá."

Abẹ́rẹ́ dúró. Àgbàlagbà náà gbójú sókè. Ó wo Kang pẹ́, bí ẹni ń wo àlejò tí kò kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ béèrè:

"Ẹ má bínú. Ta lẹ ń wá?"

Kang jáde. Láti inú gbọ̀ngàn, ó gbọ́ ẹ̀rín Fan.

"Akọni! Mélòó lónìí?"

"Mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún, ẹ̀gbọ́n." Ohùn Kang ni, ṣùgbọ́n ẹnu Kang kọ́ ló ti jáde. Ìtìjú kò sí nínú rẹ̀.

Ẹyọ ẹ̀wà kan dún nínú àwo.

Kang Luhe wà lórí òkè náà di òní. Ó máa ń kí àlejò dáadáa. Kì í fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Àwo rẹ̀ pé ọgọ́rùn-ún.

Ṣùgbọ́n bí ìkùukùu bá bolẹ̀ láàárọ̀, Fan máa ń gbọ́ ẹnìkan lẹ́yìn ilé ìdáná, tó ń ka ẹ̀wà láti orí ẹyọ kan. Yóò kà á dé ọgọ́ta. Yóò kà á dé ọ̀kànlélọ́gọ́ta.

Lẹ́yìn náà, yóò dákẹ́.