Okùn Bàtà Ìdí Igi

Ẹnjiníà, aṣojú ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ, ju okùn bàtà aláwọ̀ búlúù kan sórí tábìlì. Ẹrẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀.

"Ẹ wo ohun tí mo bá ní ìdí igi mi ní Sátidé," ó wí. "Ó jọ pé igi ẹgbẹ́ tiwa ti ń wọ bàtà."

Yàrá ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin kan péré ni kò rẹ́rìn-ín, akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ó dìde, ó mú okùn náà, ó wo etí rẹ̀. Ẹnìkan ti fi ìṣáná jó o kó má baà tú.

"Níbo lo ti rí èyí?"

"Mo ní ìdí igi mi."

"Irọ́! Ìdí igi tèmi ni mo so ó mọ́ lóṣù tó kọjá. Okùn bàtà ẹ̀gbọ́n mi ni. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe gbin igi yẹn lẹ́yìn tó kú. Ìwọ lo hú u!"

Ó di okùn náà mú, ó ní kí Ẹnjiníà tẹ̀lé òun lọ sọ́dọ̀ bàbá òun.

Àwọn ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ inú yunifásítì náà ni wọ́n para pọ̀, tí wọ́n pinnu pé èéfín tí ọgbà wọn ń tú sáfẹ́fẹ́ kò gbọdọ̀ pọ̀ ju èyí tí wọ́n lè mú kúrò lọ. Wọ́n ti dín lílo jẹnẹrétọ̀ kù. Èyí tí wọn kò lè dín ni wọ́n ń gbin igi fún. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà Igi ló gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn. Òun ló ní ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú, òun ló ń ta igi. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní Sátidé tirẹ̀. Ó ní èrò púpọ̀ á tẹ ilẹ̀ pa. Ó tún ní bí wọ́n bá ti gbin igi tán, kí ẹnikẹ́ni má wá a wá títí yóò fi mú ilẹ̀ dáadáa.

Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ọgbà náà ni bàbá ọmọbìnrin yìí. Nígbà tí wọ́n gbé okùn náà síwájú rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Bàtà eré-ìje kan wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn pálọ̀ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbé kúrò láti ọjọ́ ìsìnkú. Ó ti rí i pé ẹsẹ̀ kan kò ní okùn mọ́. Kò bi ẹnikẹ́ni.

Ó kọjú sí Ẹnjiníà. "Ta ló rán ọ?"

"Kò sẹ́ni tó rán mi, sà."

"Ìgbà wo lo lọ hú igi ọmọ mi?"

"Mi ò hú nǹkan kan. Dókítà Igi ló fi ọkọ̀ kó igi wa wá, inú ọ̀rá ni wọ́n wà. Mo ya ọ̀rá, mo bá okùn."

"Ilẹ̀ tí ẹ gbẹ́ ńkọ́? Ó le?"

"Ó rọ̀ bíi búrẹ́dì, sà. A tiẹ̀ ń yìn ín ni."

"Òjò ti rọ̀ láìpẹ́ yìí?"

"Rárá, sà. Àbí ẹnìkan ti gbẹ́ ẹ ṣáájú wa?"

"Fi káàdì ìdánimọ̀ rẹ sílẹ̀," Ọ̀gá wí. "Mi ò tíì gbà ọ́ gbọ́."

Ó gbé ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn alùpùpù, wọ́n lọ sí oko Dókítà Igi. Wọ́n yọjú wo inú rẹ̀ láti orí ọgbà igi tí wọ́n fi yí i ká. Àkọlé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wà ní ìdúró, ṣùgbọ́n igi kan kò sí níbẹ̀. Gbogbo ihò ni wọ́n ti dí padà, tí wọ́n sì fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká lọ mú un."

"Ká mú un pẹ̀lú kí ni? Á ní ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́."

"Ewúrẹ́ máa ń dí ihò?"

"Á rí nǹkan wí sí ìyẹn náà."

Bí wọ́n ti ń padà bọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Dókítà Igi yọrí, tòun ti ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé rẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn o, bàbá. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Ọmọ mi fẹ́ rí igi rẹ̀ ni. A ò dé ọ̀hún."

"Háà, àǹtí! Kí ni mo sọ? Ẹ jẹ́ kó sinmi. Àárọ̀ yìí ni mo bomi rin ín. Ó ti ń kan orúnkún mi."

Ọmọbìnrin náà gé ètè rẹ̀ jẹ.

"Ẹ ṣé," bàbá rẹ̀ wí. "Ọlọ́run á san án fún yín."

Ọkọ̀ náà kò kúrò. Ojú Dókítà Igi wà nínú dígí rẹ̀ títí alùpùpù fi yà.

Ọ̀gá kò mọ̀ bóyá akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tó ń bá ọkùnrin náà ṣe é, nítorí náà, ẹnìkan ṣoṣo ló bá sọ̀rọ̀, alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tí Sátidé tó ń bọ̀ kàn láti gbin igi. Ìdààmú tirẹ̀ kò kéré. Òun ló rọ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí wọ́n fi dáwó. Nígbà tí wọ́n gbin igi tiwọn, kí wọ́n tó bo ìdí rẹ̀, olúkúlùkù so báńdéèjì tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn bí àmì, alága wọn kò sọ ohun tó wà fún.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó kan àwọn tó ń kọ́ òfin. Ẹnjiníà, tí Ọ̀gá fẹ́ kí wọ́n máa ṣọ́, alága nọ́ọ̀sì àti ọmọ Ọ̀gá dé fìlà, wọ́n dà pọ̀ mọ́ wọn. Dókítà Igi kó igi sílẹ̀, ewé wọn ń dán. Ẹnjiníà fọwọ́ pa ewé kan, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀.

"Òróró ni wọ́n fi ra á," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Ọmọ Ọ̀gá fa ọ̀rá kan ya. Báńdéèjì. Ó fa òmíràn ya. Báńdéèjì.

"Dókítà," alága nọ́ọ̀sì pariwo, "kí ló ṣe igi yín tẹ́ ẹ fi di báńdéèjì mọ́ ọn? Ṣé ó ṣubú lórí ọ̀kadà ni?"

Ojú ọkùnrin náà yí padà. "Ta... ta ló fọwọ́ kan ẹrù mi?"

"Igi mi dà?" ọmọ Ọ̀gá bi í. "Èyí tó ń kan orúnkún yín."

Ó sá wọ ọkọ̀, ó ṣíná sí i. Alùpùpù Ọ̀gá ti dábùú ẹnu ọ̀nà. Ó yí ọkọ̀ gba àárín oko, pé kóun gba ẹ̀yìn jáde. Ilẹ̀ tí wọ́n ti gbẹ́ ní àgbẹ́túngbẹ́ kò gba ọkọ̀ dúró. Táyà rì. Bó ti ń tẹná mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ló ń rì sí i. Ọ̀gá kò sáré. Ó rìn débẹ̀, ó ṣílẹ̀kùn, ó yọ kọ́kọ́rọ́.

"Igi mélòó lo ní?"

"Ẹ jọ̀ọ́, bàbá..."

"Mélòó?"

"Ẹrù ọkọ̀ kan náà ni. Bí wọ́n bá ti gbìn ín lọ, màá hú u, màá dá a padà sínú ọ̀rá."

"Ta ló ń bá ọ ṣe é nínú àwọn ọmọ yìí?"

"Kò sí. Kí ni mo fẹ́ fi wọ́n ṣe? Tẹ́lẹ̀, ẹgbẹ́ kan kì í bi ìkejì nípa igi rẹ̀. Àfi ìgbà tí wọ́n lọ di ọ̀rẹ́."

Ọ̀gá pe àwọn ọlọ́pàá, wọ́n mú un lọ. Alága nọ́ọ̀sì jókòó sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Láti bí ọjọ́ mélòó kan ni wọ́n ti ń sọ lẹ́yìn rẹ̀ pé ó jẹ nínú owó igi tí wọ́n dá.

Ọ̀gá na káàdì sí Ẹnjiníà. "Gbà. Mo fura sí ọ."

"Mo mọ̀, sà."

Wọ́n kó àwọn igi náà wá sínú ọgbà yunifásítì, ẹ̀yìn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ilẹ̀ ibẹ̀ le koko. Gbogbo ẹgbẹ́ ló jọ gbẹ́ ẹ, Ọ̀gá náà gbé ọkọ́ wá láti ilé. Kò yọjú nígbà àkọ́kọ́. Ó ti ní iṣẹ́ ọmọdé ni.

"Èwo ni ti ẹ̀gbọ́n rẹ nínú wọn?" ó bi ọmọ rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà mú okùn bàtà náà dání. Ó wo àwọn igi náà, kékeré, ewé wọn ti ń rọ, ọ̀kan kò yàtọ̀ sí èkejì.

"Mi ò mọ̀ mọ́, bàbá."

Bàbá rẹ̀ gba okùn náà, ó ká a, ó fi í sí àpò àyà rẹ̀, ó de bọ́tìnnì.

"Ó dáa," ó wí. "Gbogbo wọn la máa bomi rin."

Ó gbé korobá, ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èyí tó rọ jù.