Fèrè Lọ́rì Láwàlì

Lọ́rì olóògbé Láwàlì tún kérora láàárọ̀ Ọjọ́rú, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ọdún 1984 ni, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ kí ìrun àsùbáà tán ní Ìjemò. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọkọ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí Sìlífátù, opó olóògbé. Síbẹ̀ ẹ́ńjìnnì ń yí, ó ń gbin bí arúgbó tí ẹrù wọ̀ lọ́rùn, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. Àwọn tó ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀ sá lọ. Bàtà ẹnì kan bọ́ sílẹ̀, kò padà wá mú un.

Inú ọkọ̀ yẹn ni Láwàlì kú sí lójú ọ̀nà Ọ̀fàdà, ìrẹsì kún ẹ̀yìn rẹ̀. Jẹ̀lílì, mẹkáníìkì tó ti ń tún un ṣe láti ọdún mẹ́wàá, ló wà á wálé. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá yí kọ́kọ́rọ́, iná iwájú á tàn, ṣùgbọ́n sítátà kò ní dún.

Sìlífátù ń ṣe opó lọ́wọ́, kò sì gbọdọ̀ jáde nílé fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Jẹ̀lílì mọ èyí. Ojú fèrèsé ló máa ń lóṣòó sí bá a sọ̀rọ̀.

“Ìyá Bùsírátù, sítátà ò bàjẹ́. Ẹni tó ni ọkọ̀ ni ò tíì dìde lórí ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí n bá yín tà á fún àwọn oníirin àlòkù, kó má baà pe ẹlòmíì mọ́ra.”

Àwọn ẹbí ti gbà. Wọ́n ní tí wọ́n bá ti ṣe fídáù ọjọ́ ogójì lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n tà á. Lọ́rì yẹn nìkan sì ló ń bọ́ ilé. Èyí tó wá dun Sìlífátù jù ni pé ọkọ tí kò nà án rí láyé ló wá ń dẹ́rù bà á lẹ́yìn ikú. Kò lè sùn, kò sì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Àárọ̀ Ọjọ́rú yẹn ni nǹkan kan wá sí i lọ́kàn. Láwàlì kì í ṣíná ọkọ̀ láìfọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, kí àwọn ọmọdé tó ń ṣeré lábẹ́ rẹ̀ lè sá kúrò. Òun náà á sì dáhùn láti inú ilé pé, “Ó dàbọ̀ o.” Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ó pe Bùsírátù, ọmọ rẹ̀ tó ń pa aró ní Ìtòkú. “Bó bá jẹ́ bàbá rẹ ni, á kọ́kọ́ fọn fèrè. Lọ wá rewáyà kan, àwọn tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe, wá fún mi. Má sọ fún Jẹ̀lílì.”

Túbọ̀sún, rewáyà náà, wá láti Òkè-Ìlèwó lọ́sàn-án Àbámẹ́ta. Ó fi gílóòbù kékeré tó so mọ́ wáyà méjì yẹ bátìrì wò. Bátìrì le dáadáa. Ó fi sìpánà so ẹnu méjèèjì sítátà pọ̀, ẹ́ńjìnnì sì yí. A jẹ́ pé àárín kọ́kọ́rọ́ sí sítátà ni àrùn wà. Ó wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń fi ọwọ́ tọ wáyà lọ títí ó fi kan téèpù dúdú tuntun. Wọ́n ti gé wáyà náà lábẹ́ rẹ̀. Wáyà mìíràn tí wọ́n fi gíríìsì pa lára gba abẹ́ ọkọ̀ lọ sẹ́yìn táyà àrọ́pò, bọ́tìnnì aago ẹnu ọ̀nà sì wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà mọ́ṣáláṣí gan-an. Wọ́n tún fi okùn fa irin tó ń pa ẹ́ńjìnnì, kí ọkọ̀ lè máa gbin láìṣíná.

“Màmá,” Túbọ̀sún sọ lójú fèrèsé, “òkú kì í ra téèpù.”

Sìlífátù kò rẹ́rìn-ín. Ó sunkún ìbínú, ó nu ojú, ó sì sọ ohun tó fẹ́ kí ó ṣe sí wáyà náà.

Lọ́jọ́ Àìkú, àgbàlá kún. Jẹ̀lílì dé pẹ̀lú agbádá, ó fẹ̀yìn ti táyà àrọ́pò. Bí Àáfà ti ń tọrọ àforíjì fún òkú, ó rọra ki ọwọ́ sẹ́yìn.

Fèrè dún.

Ó ta gìrì. Ó tún tẹ bọ́tìnnì náà, bóyá yóò dákẹ́. Fèrè dún lẹ́ẹ̀kejì, gẹ́gẹ́ bí Láwàlì ti máa ń fọn ọ́n. Jẹ̀lílì bẹ́ sí ọ̀nà, agbádá rẹ̀ há sí ìkọ́ ẹ̀yìn lọ́rì, ọkọ̀ fà á padà. Ó ṣubú lórí orúnkún.

“Láwàlì, forí jì mí. Èmi ni. Fi aṣọ mi sílẹ̀.”

Ọlọ́pàá kan tí Bùsírátù ti lọ pè, tó wọ dàńṣíkí láàárín àwọn àlejò, dìde. “Kí lo ṣe?”

“Mo gé wáyà.”

“Nítorí kí ni?”

“Mo ti rí ẹni tó máa rà á lówó gọbọi ní Ṣàgámù. Ọkọ̀ náà ò ní nǹkan kan tó ń ṣe é.”

Wọ́n já agbádá rẹ̀ kúrò lára ìkọ́ kí wọ́n tó fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Ó ń wẹ̀yìn títí wọ́n fi mú un jáde, kò tíì gbà pé Túbọ̀sún ló tún wáyà náà so mọ́ fèrè.

Túbọ̀sún so èyí tí wọ́n gé padà. Bùsírátù gun orí ìjókòó bàbá rẹ̀, ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì, ó sì yí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ ṣíná.

Sìlífátù dì mọ́ irin fèrèsé. Ó ti dáhùn kó tó rántí pé Láwàlì kọ́ ló wà nínú ọkọ̀.

“Ó dàbọ̀ o.”