Ọkọ̀ Bàbá Wa Ń Kú Síwájú Géètì Kan

Bọ̀ọ̀dá mi pè mí ní òpùrọ́ lójú Màámi. Kó tó pè mí ní òpùrọ́, ó ti kọ́kọ́ pè mí ní apààyàn. Ohun tó ṣe mí nìyẹn. Mi ò bù mọ́ ọn, mi ò sì yọ níbẹ̀.

Ojú mi ni ohun tí mo fẹ́ kọ yìí ṣe. Mi ò mutí, mi ò sì tòògbé, ojúmọmọ ni. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó wá sí ọgbà iṣẹ́ mi nírọ̀lẹ́, kó jókòó ti ọkọ̀ náà, kó dákẹ́ díẹ̀. Etí tirẹ̀ náà á sọ fún un.

Mẹkáníìkì ni mí. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ mi. Dírẹ́bà ni Bàbá wa, àwọn olówó ni wọ́n wà kiri títí wọ́n fi darúgbó. Tí wọ́n bá ń tú ẹ́ńjìnì wò nílé, èmi ni mo máa ń gbé iná fún wọn. Ohun tí ojú mi rí ni ọwọ́ mi kọ́. Nígbà tí mo gba ọgbà tèmi, àwọn ọkùnrin àdúgbò fi mí rẹ́rìn-ín, pé obìnrin ń tún ọkọ̀ ṣe, títí ó fi sú wọn, wọ́n wá ń gbé ọkọ̀ wọn wá. Bàbá kì í dárúkọ mi. "Ẹnjiníà mi" ni wọ́n ń pè mí. Màámi gbà á lẹ́nu wọn.

Lẹ́yìn tí Bàbá fiṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n ra ọkọ̀ tara wọn. Ọkọ̀ eré ni, ti àtijọ́, onílẹ̀kùn méjì, ó sì lúlẹ̀ débi pé èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀ kó tó wọlé. Tó bá ń kùn, fèrèsé ilé a máa gbọ̀n.

Màámi ní, "Bàbá arúgbó wo ló ń wa irú èyí?"

Bàbá ní, "Bàbá arúgbó tó ń kánjú ni."

Wọn kì í fẹ́ dúró lójú ọ̀nà rárá. Tí ẹlòmíràn bá ń wà wọ́n, tó wá dẹwọ́ eré, wọn á fi òrùka ọwọ́ wọn kan dáṣíbọ́ọ̀dù. Kó, kó. Ìyẹn ni pé, ó yá, máa lọ. Gbogbo wa nílé la mọ ìró yẹn.

Ọjọ́ tí àyà dídùn gbé Bàbá dè, ọ̀dọ̀ mi ni ọkọ̀ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò látòkè délẹ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ló gbé wọn lọ sí ọsíbítù. Wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó débẹ̀. Dókítà ní ká ní wọ́n tètè dé ni, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Nígbà tí bọ̀ọ̀dá mi padà wálé, ó dúró láàárín pálọ̀, ó na ìka sí mi níwájú gbogbo ẹbí.

"Ọkọ̀ tó ní òun tún ṣe kú sójú ọ̀nà. Mo yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò jí. Òun ló pa Bàbá."

Ojú tì mí bí ìgbà tí wọ́n bọ́ aṣọ lára mi. Ohun tó ń dùn mí jù títí dòní ni pé mo gbà á. Mo lọ jókòó sínú ilé ìwẹ̀, mo ń ro gbogbo bóòtù tí mo dì. Láti ọjọ́ náà, Màámi ò pè mí ní Ẹnjiníà mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ síwájú wọn, ọwọ́ mi ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ojú mi. Mo máa ń fi ọṣẹ ha ọwọ́ yìí kí n tó wọlé, síbẹ̀ ẹ̀yìn mi ni mo máa ń kó o sí.

Bọ̀ọ̀dá mi ló jogún ọkọ̀ náà. Ó ń wà á kiri. Nígbà tó yá, ó gbé e wá bá mi, kò tilẹ̀ kí mi.

"Ó tún ti ń kú."

Bí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀, ẹ̀yin ni mo máa ń pè é, torí òun ló ṣáájú mi wáyé. Mo bi í ní ohun tí mo máa ń bi gbogbo ọlọ́kọ̀.

"Tó bá gbóná ni, àbí tó bá tutù?"

"Ó kàn ń kú ni."

"Tẹ́ ẹ bá ń gun òkè ni, àbí tẹ́ ẹ bá ń yà?"

"Mo ní ó ń kú! Ṣebí ìwọ lo bà á jẹ́?"

"Níbo ló máa ń kú sí?"

Ó wo bàtà rẹ̀. "Ojú ọ̀nà náà ni."

Ọkọ̀ tó bá kú pátápátá rọrùn. Èyí tó ń kú tó ń jí ló ń gba suúrù. Ohun kan ni mo máa ń pààrọ̀, màá wà á wò, kí n tó fọwọ́ kan òmíràn. Mo bẹ̀rẹ̀ látorí pọ́ńpù epo. Mo dé orí kọ́ìlì tó ń fún ẹ́ńjìnì níná. Mo gbọn gbogbo wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnì ń ṣiṣẹ́, bóyá èyí tó ti dẹ̀ á jẹ́wọ́. Mo jẹ́ kó gbóná gan-an, mo jẹ́ kó tutù. Mo wà á lórí òkè, mo wà á nínú kòtò. Kò kú. Ó ń kùn bí ìgbà tí Bàbá wà láyé.

Rẹwáyà, ọkùnrin tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe lọ́gbà kan náà pẹ̀lú mi, fi aṣọ nu ọwọ́. Ó ní, "Ìyá Mẹkáníìkì, ara ọkọ̀ yìí le ju tèmi lọ. Ọlọ́kọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀."

A rẹ́rìn-ín. Mo ránṣẹ́ sí bọ̀ọ̀dá mi pé ó ti dáa.

Àṣìṣe mi nìyẹn. Òfin ọgbà mi ni pé ẹni tó mú ẹjọ́ wá ni yóò wa ọkọ̀, èmi á jókòó tì í, títí ọkọ̀ á fi ṣe ohun tó ń ṣe. Kò sí ọlọ́kọ̀ tí mi ò ṣe é fún. Àmọ́ ojú ń tì mí láti jókòó ti bọ̀ọ̀dá mi nínú ọkọ̀ yẹn. Mi ò lè wo ìjókòó tí Bàbá wà lọ́jọ́ náà, ká má tíì sọ pé kí n jókòó síbẹ̀.

Ó fi ọkọ̀ náà gbé Màámi lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú ní ọsíbítù kan náà. Ọkọ̀ náà kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n pẹ́ gan-an kí wọ́n tó padà. Mo sáré jáde lọ di Màámi mú, wọ́n gba ọwọ́ mi dànù.

"Ṣé ó wá ku èmi ni?"

Mo dúró síbẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń wò.

Lẹ́yìn náà ni Màámi rọra wí, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, "Ta ló ń kan ọkọ̀ yẹn látinú?"

Bọ̀ọ̀dá mi ní, "Ooru ló mú yín, Màámi."

Màámi ò ríran dáadáa mọ́. Àmọ́ etí wọn, abẹ́rẹ́ ò lè já bọ́ kí wọ́n má gbọ́.

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wá wà mí. Ọ̀nà tẹ́ ẹ gbà gan-an."

"Mi ò ráyè."

"Wà á," ni Màámi wí.

Kò lè kọ̀ fún Màámi. Ọ̀sán ni a jáde. Mo so gílóòbù kékeré kan mọ́ wáyà tó ń gbé iná lọ sí pọ́ńpù, mo fi í sí ẹ̀gbẹ́ orókún mi. Bí pọ́ńpù bá ń rí iná gbà, gílóòbù á máa tàn. Mo mú sikirudiráfà mi gígùn dání. Ìjókòó náà ṣì wà lẹ́yìn pátápátá, níbi tí Bàbá fà á sí torí ẹsẹ̀ wọn gùn. Mo fẹ́ fà á síwájú. Kò gbà.

A ò bára wa sọ̀rọ̀. Òógùn ń bọ́ láti ìka rẹ̀ sára sitíárìn. Nígbà tó ku díẹ̀ ká dé títì tó lọ sí ọsíbítù, ó yà sínú òpópó kékeré kan.

Mo ní, "Ọ̀nà ọsíbítù kọ́ nìyí."

"Àbùjá ni."

Òpópó náà dákẹ́. Kò sí ọmọdé, kò sí rédíò. Ògiri lọ́tùn-ún, ògiri lósì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnì kú.

Kò wúkọ́. Kò gbọ̀n. Àfi bí ìgbà tí èèyàn yí kọ́kọ́rọ́ padà jẹ́ẹ́. Mo wo kọ́kọ́rọ́: ó wà níbi tó yẹ kó wà. Mo wo gílóòbù: ó ń tàn rekete. Epo ń lọ. Iná ń lọ. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yí gẹ̀rẹ̀, ó sì dúró síwájú géètì aláwọ̀ ewé kan.

Bọ̀ọ̀dá mi ò gbìyànjú láti jí i. Iwájú ló ń wò.

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo fi ẹnu sikirudiráfà ti ara ẹ́ńjìnì, mo fi ìdí rẹ̀ ti etí mi. Bí a ṣe ń gbọ́ inú ẹ́ńjìnì nìyẹn. Inú èyí tó ti kú, kò yẹ kéèyàn gbọ́ ju irin tó ń tutù lọ, tá, tá, láìlétò, títí á fi dákẹ́.

Mo gbọ́ kó, kó.

Ó dákẹ́.

Kó, kó.

Mo mú etí kúrò. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo dá a padà.

Kó, kó.

Bọ̀ọ̀dá mi wà nínú ọkọ̀, kò ní irin kankan létí. Wíńdò rẹ̀ wà ní ṣíṣí. Mo gbọ́ ọ tó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "Mo ń bọ̀ báyìí, Bàbá. Ìṣẹ́jú kan péré."

"Kí lẹ wí?"

"Mi ò sọ̀rọ̀."

Mo padà sínú ọkọ̀, mo ti ilẹ̀kùn. Ìgbà yẹn ni géètì ṣí. Obìnrin kan jáde, ó tó ẹgbẹ́ mi, ó ń fi táwẹ́ẹ̀lì nu ọwọ́. Ó wo ọkọ̀ náà bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ó wá sí ẹ̀gbẹ́ tí mo wà, ó tẹ̀ ba, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

Kì í ṣe ojú mi ló ń wò. Òkè orí mi ló ń wò, níbi tí ojú ẹni tó ga jù mí lọ yóò wà.

Mo ní, "Èmi kì í ṣe bàbá."

"Mo mọ̀," ló wí. "Ẹ̀yin náà, ẹ kú ìjókòó."

Ó wá yíjú sí bọ̀ọ̀dá mi. "Ṣé ẹ ò wọlé lónìí?"

Bọ̀ọ̀dá mi mi orí. Ó na ọwọ́ sí kọ́kọ́rọ́. Ọkọ̀ jí lẹ́ẹ̀kan náà, ó sì fi eré gbé wa kúrò níbẹ̀.

Mo ní, "Ta ni yẹn?"

"Ó ṣì mí mú ni."

"Ó kí Bàbá."

"Mo ní ó ṣì mí mú!"

Nígbà tí a délé, mo kúnlẹ̀ níwájú Màámi, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo ń sọ ọ́ bí ẹni pé èmi ni mo jẹ̀bi. Ojú tì mí láti sọ ọ́, torí ọmọ wọn ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, inú kan náà ló gbé wa.

Màámi bi í pé, "Ṣé o mọ ilé náà?"

"Rárá, Màámi. Òpùrọ́ ni. Ó ti pa Bàbá tán, ó wá ń wá ẹni tí yóò dì í rù."

Màámi na ọwọ́ síwájú, wọ́n wá ọwọ́ mi, wọ́n dì í mú. Kò pẹ́ rárá, wọ́n sì tú u sílẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n gbà mí gbọ́. Mi ò lè bi wọ́n.

Mo fẹsẹ̀ rìn lọ sí òpópó náà. Géètì wà níbẹ̀. Obìnrin náà wà níbẹ̀. Mo bi í pé ìgbà wo ló mọ bọ̀ọ̀dá mi, kí ni bọ̀ọ̀dá mi ń wá níbẹ̀, ta ló rí lórí ìjókòó mi lọ́jọ́sí. Ó wò mí bí ẹni tó ń káàánú.

"Ẹ lọ bi ẹni tó ń wà á." Ó rọra ti géètì rẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá mi ò wá gbé ọkọ̀ náà mọ́. Ọgbà mi ló wà. Mo ti yọ bátìrì rẹ̀, mo ti fa epo rẹ̀ dànù. Síbẹ̀, tí àwọn oníbàárà bá ti lọ, tí ilẹ̀ bá ń ṣú bọ̀, dáṣíbọ́ọ̀dù á dún. Kó, kó. Rẹwáyà gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan. Ó gbé bẹ́ńṣì rẹ̀ lọ sí ìkángun ọgbà. Kò bá mi ṣàwàdà mọ́.

Bí mo bá délé, Màámi á bi mí, "Ṣé wọ́n ṣì ń kàn án?"

Màá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

Wọn á yí ojú sí ògiri. Èmi náà á lọ fọ ọwọ́ mi.

Bọ̀ọ̀dá mi, mo mọ̀ pé ẹ óò ka èyí. Ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn kọ́ ni mo fẹ́ gbọ́. Mi ò bi yín ní ohun tẹ́ ẹ lọ ṣe lẹ́yìn géètì. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀, torí Màámi ń darúgbó lọ, ọwọ́ mi ni wọ́n sì ń wò. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ gbé Bàbá, ní òpópó yẹn, tí wọ́n jókòó, tí wọ́n ń fi òrùka kan ọkọ̀ pé kẹ́ ẹ máa lọ: ṣé ẹ́ńjìnì ló kú, àbí ẹ̀yin lẹ pa á?

Ẹ dá mi lóhùn.