Òwú Tí Kò Gba Aró

Omi yẹn mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo sọ ọ́ nígbà yẹn, àmọ́ Àǹtí ní kí n gbẹ́nu mi sọ́hùn-ún, kí n bá àwọn gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀ kí apá àwọn má lọ ro àwọn.

Ẹ jẹ́ n sáré sọ ọ́, torí mi ò mọ bí àyè mi ṣe kù tó. Àǹtí yìí, àbúrò ìyá mi ni wọ́n. Ìyá mi kú nígbà tí mi ò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, àwọn ló pọ̀n mí, àwọn ló tọ́ mi, wọn ò sì bí ọmọ kankan kún mi. Ilé la ti ń ṣiṣẹ́. Orí sítóòfù ní kíṣìnnì ni wọ́n ti máa ń rẹ òwú láró, wọ́n á sá a sórí okùn lẹ́yìnkùlé, tó bá gbẹ, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gígùn méjì hun ún ní súwẹ́tà tàbí fìlà. Látìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ lèmi náà ti ń bá wọn ṣe é.

Ẹni tó bá ti rẹ òwú irun àgùntàn rí á mọ bó ṣe máa ń rí. Ẹ máa da aró sínú omi gbígbóná, ẹ máa fi fínígà díẹ̀ sí i, òwú á wá máa mu ún jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Tó bá mu ún tán, omi á mọ́ bíi ti ẹ̀rọ. Àwọ̀ ti kúrò nínú omi, ó ti bọ́ sínú òwú. Ibòmíì wo ló tún fẹ́ gbà lọ?

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, búlúù la dà sómi, búlúù tó ki dáadáa. Omi mọ́ gaara. Àmọ́ nígbà tí mo fi igi gbé òwú jáde, àwọ̀ eérú tó ní tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ní. Àǹtí wo inú ìkòkò, wọ́n wo òwú, wọ́n wá wo mí. Wọ́n ní, "Àbí ìwọ lo mu ún?" A jọ rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín gan-an ni.

Obìnrin kan ló gbé òwú yẹn wá. Kì í ṣe òwú nígbà yẹn, súwẹ́tà ọkùnrin ni, tó ti gbó ní ìgbúnwọ́. Ohùn obìnrin náà lọ sílẹ̀ débi pé ńṣe lèèyàn á sún mọ́ ọn kó tó lè gbọ́ ọ. A ní kó jókòó, ó ní rárá. Ó ní ọkọ òun ló ni súwẹ́tà, kò wọ̀ ọ́ mọ́, kí Àǹtí bá òun tú u, kí wọ́n rẹ ẹ́ ní búlúù, kí wọ́n sì tún un hun. Àǹtí ní kò burú, iṣẹ́ àwọn ni, kí ọkọ ẹ̀ wá káwọn wọ̀n ọ́n. Ó ní kò lè wá. Ó wá yíjú sí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó sì wò mí látòkè délẹ̀ bí ẹni tó ń wo aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ wọ̀n ọ́n lára eléyìí," ló wí. "Bákan náà ni wọ́n ṣe rí."

Kò ṣe Àǹtí ní nǹkan kan. Ara mi náà ni wọ́n ti máa ń wọn aṣọ ọkùnrin tẹ́lẹ̀, torí èmi ni ọkùnrin tó wà nílé. Wọ́n ní, "Pẹ́lẹ́ńgẹ́, máa bọ̀, eegun rẹ ti ríṣẹ́ ṣe." Orúkọ tí wọ́n máa ń pè mí nìyẹn torí pé mo tín-ín-rín. Wọ́n fi téèpù yí mi láyà. Obìnrin náà sún mọ́ wa, ó na ọwọ́, ó fi ìka kan tẹ téèpù mọ́ mi lára kó má bàa yẹ̀. Ìka yẹn tutù bí irin ilẹ̀kùn ní àárọ̀ kùtù.

Nígbà tó lọ, a tú súwẹ́tà. Òwú tí wọ́n bá tú lára aṣọ, ó máa ń ká kọ́lọkọ̀lọ bó ṣe wà nígbà tí wọ́n hun ún. A máa ń rẹ ẹ́ sómi ni, a ó gbé e kọ́, a ó wá so ìgò omi mọ́ ọn nísàlẹ̀ kó lè nà. Èyí ò nà. A fi kún ìgò, kò nà. Àǹtí ní òwú àtijọ́ kì í tètè gbàgbé, pé bó ṣe ká lára olówó ẹ̀ ló ṣì fẹ́ máa ká. Wọ́n ní aró á tún un ṣe. Òun la wá rẹ tí omi fi mọ́ lásán yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí mò ń wẹ̀, mo rí búlúù láyà mi. Ó tò bí ìlà kan, ibi tí téèpù gbà gẹ́lẹ́. Mo fi kànìnkàn gbo ó títí awọ ara mi fi ń ta mí. Kò ṣí. Àǹtí ní ó ní láti jẹ́ pé aró ló ta sí mi lára. Mo ní ó gba abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì wọlé ni?

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hun ún bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀ eérú. Láti ọrùn ni wọ́n ti máa ń hun aṣọ wá sílẹ̀, tó bá gùn díẹ̀, wọ́n á gbé e wọ̀ mí, wọ́n á wò ó, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á máa bá a lọ. Àǹtí kì í dákẹ́ tí wọ́n bá ń hunṣọ. Bí wọn ò bá kọrin, wọ́n á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ nídìí èyí wọ́n dákẹ́ ni. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní kí n wò ó. Gbogbo ibi tí òwú yẹn ti ká, ibẹ̀ gan-an ni ojú ìhun tuntun ń bọ́ sí, kò yẹ̀ rárá.

"Èmi kọ́ ni mò ń hun ún," ni wọ́n rọra sọ. "Ó mọ̀nà ilé ẹ̀."

Mo ní ká gbé e dànù. Wọ́n ní ẹrù ẹlẹ́rù ni, ká yáa parí ẹ kó kúrò nílé wa. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé e wọ̀ mí ló máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́, bí ìgbà tí ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ ọ. Ó ń rùn bí ọṣẹ tá ò lò rí. Bí aṣọ bá sì ṣe gùn sí i ni búlúù ara mi ń sọ̀ kalẹ̀ sí i, ó kan ikùn mi, ó kan ìbàdí. Ọwọ́ òsì mi wá ń ṣáájú ọ̀tún níbi oúnjẹ. Ẹ̀rù ń ba Àǹtí. Mo mọ̀ torí wọn ò pè mí ní Pẹ́lẹ́ńgẹ́ mọ́, orúkọ tí ìyá mi sọ mí ni wọ́n ń pè ṣáá, bí ẹni tó ń di nǹkan mú kó má bọ́.

Àǹtí kì í so orí òwú tó gbẹ̀yìn títí olówó aṣọ á fi wá wọ̀ ọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ṣẹ́ nìyẹn. Torí náà, ó ku ojú kan péré tí wọn ò dì, òwú ẹ̀ ṣì ń ṣe jọ̀wọ̀lọ̀ nídìí súwẹ́tà tó wà lọ́rùn mi, nígbà tí obìnrin yẹn wọlé ní ọ̀sán gangan. Kò kan ilẹ̀kùn. Kò wo aṣọ. Ó wá síwájú mi, ó fi ìka fa ọrùn súwẹ́tà sílẹ̀ díẹ̀, ó wo àyà mi.

"Ó gbà á dáadáa," ló wí.

Àǹtí ní, "Òwú yẹn ò gba aró kankan."

"Kì í ṣe òwú ni mò ń sọ."

Mi ò rí Àǹtí kí wọ́n sá eré bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n gbá orí òwú yẹn mú, wọ́n fà á, wọ́n sì ń tú u lára mi, wọ́n ń yí mi po, wọ́n ń sọ pé èmi nìkan làwọn ní, èmi nìkan ṣoṣo làwọn ní láyé. Obìnrin náà ò dí wọn lọ́wọ́. Ńṣe ló bẹ̀rẹ̀, tó ń ká òwú tó ń já bọ́ sílẹ̀, jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń bá ìyá ọkọ ẹ̀ ṣiṣẹ́ ilé. Nígbà tí ó tú tán pátápátá, ó gbé òwú lé orí àga.

"Ẹ ṣeun, Ìyá wa," ló wí. "Kò nílò ẹ̀ mọ́." Ó sì jáde lọ.

Àǹtí gbé òwú yẹn wò. Ó nà gbọnrangandan bí ìgbálẹ̀. Kò sí ibì kankan tó ká mọ́. Wọ́n bú sẹ́kún, wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n ń sọ pé ó ti gbàgbé, ó ti gbàgbé. Mo ká ṣẹ́ẹ̀tì mi sókè. Búlúù ti lọ, ara mi mọ́ tónítóní bí omi ọjọ́ yẹn. Inú wọn tún wá dùn sí i.

Mi ò lè sọ fún wọn. Wọ́n wà lẹ́yìnkùlé báyìí, wọ́n ń sá aṣọ, wọ́n sì ń kọrin. Wọ́n ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Mo gbọ́ orúkọ yẹn, àmọ́ ó dà bíi pé ẹlòmíì ni wọ́n ń pè.

Òwú ló gbàgbé. Àwọ̀ tó bá kúrò nínú omi, ibì kan ló máa wọ̀.

Mo ti wọ bàtà. Ẹsẹ̀ mi ló ń lọ, kì í ṣe èmi. Bí Àǹtí bá ń wá mi, ẹ bá mi sọ fún wọn: kí wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń lọ aṣọ, kí wọ́n yà sọ́wọ́ òsì níbi tí gọ́tà ti já, ilé tó ní ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé ni. Tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn yẹn tí kò ṣí, kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e sókè díẹ̀, torí ó máa ń ha mọ́lẹ̀ tí òjò bá rọ̀. Mo ti ń sọ pé màá tún un ṣe, mi ò ráyè.

Mi ò débẹ̀ rí.