Àwọn Àlejò Tí Kò Dé Ẹ̀yìn Tẹ́ḿpìlì

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa jàre! Àbí oorun lẹ ń sùn lórí odó?"

Màmá Àgbà Bunpan ló ń pariwo bẹ́ẹ̀. Ó lóṣòó sẹ́nu odó, ó ń yára fi ọwọ́ yí ìyẹ̀fun ìrẹsì inú rẹ̀ padà kí ọmọ odó tó tún sọ̀ kalẹ̀. Odó wọn kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gún. Igi gígùn kan ló wà nídìí rẹ̀, àwọn aládùúgbò mẹ́rin sì tò sórí igi náà, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ọmọ odó ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀, gbì, gbì.

"Oorun kẹ̀?" Bàbá Inkham fèsì, òógùn ti bò ó. "Ìbàdí mi ló ń ké yẹn. Bí àwọn ará Bangkok yìí bá jẹun tán tí wọn ò béèrè ẹni tó tẹ odó, èmi pẹ̀lú ìwọ ni, Bunpan!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Phailin, ọmọ-ọmọ Màmá Àgbà, náà rẹ́rìn-ín níbi tó ti ń kó igi sídìí ààrò nínú aṣọ ilé ìwé rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Òun gan-an ló dá gbogbo iṣẹ́ yìí sílẹ̀.

Ní gbogbo ìlú Huai Som, Màmá Àgbà Bunpan nìkan ló kù tó ń ṣe khanom sen bí àwọn ìyá ìyá wọn ṣe ń ṣe é. Ìrẹsì ni wọ́n máa ń rẹ fún ọjọ́ mẹ́ta títí yóò fi kan, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á fi òkúta tẹ omi rẹ̀ dànù, wọ́n á gún un, wọ́n á pò ó, kí wọ́n tó fún un gba inú agolo oníhò bọ́ sínú omi gbígbóná. Fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ló máa ń jáde. Ọbẹ̀ pupa ni wọ́n ń bù lé e lórí, ọbẹ̀ tó ní ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ dídì, òdòdó pọ́npọ́là gbígbẹ àti irú tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà ṣe. Àwọn yòókù ti pa á tì. Èyí tí ẹ̀rọ ṣe, tó wà nínú ọ̀rá lọ́jà, tó ń lo ọ̀sẹ̀ kan láìbàjẹ́, ni wọ́n ń rà. Oníbàárà Màmá Àgbà ń dín kù, ó sì ti sọ ọ́ létí gbogbo èèyàn pé bí ọdún yìí bá tún rí bí èṣín, òun yóò ti ìsọ̀ òun tó wà lẹ́yìn tẹ́ḿpìlì pa.

Ẹ ò rí i pé inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ dùn nígbà tí Phailin sáré wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àwọn kan ń bọ̀ láti Bangkok, àwọn tó ń kọ ìwé fún arìnrìn-àjò tó bá fẹ́ jẹ ojúlówó oúnjẹ ilẹ̀ Thai níbi tó jìnnà sí ìlú ńlá. Ilé ìwé ti yan Phailin pé òun ni kó mú wọn rìn.

"Màmá Àgbà, ẹ se oúnjẹ ogún èèyàn," ló wí. "Èmi ni mo máa kó wọn wá."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Màmá Àgbà! Ṣé mo ti ṣèlérí fún yín rí kí n má mú un ṣẹ?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé ilé mẹ́fà dìde. Ìyá Chansom jí lọ sọ́dọ̀ alápatà láti gba ẹ̀jẹ̀. Ẹnì kan gbé igi ìdáná wá, ẹlòmíì gbé ẹní wá. Kò sẹ́ni tó béèrè owó.

Ṣùgbọ́n ohun tí Phailin bá nílé ìwé láàárọ̀ ọjọ́ náà yàtọ̀. Mintra, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fẹ́ràn kó máa ya fídíò, fi ọwọ́ bo imú.

"Ẹ̀yìn tẹ́ḿpìlì lo fẹ́ kó wọn lọ? Níbi tí ajá mẹ́ta ń sùn sábẹ́ tábìlì? Òórùn irú inú ọbẹ̀ yẹn á ti kọ́kọ́ pàdé wọn lójú ọ̀nà! Wọ́n á fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lórí fóònù débi pé o ò ní lè jáde síta mọ́."

Olùkọ́ Wichian gbọ́ ọ, kò sì bá a wí. "Ọ̀gbẹ́ni Decha ti tẹ́ tábìlì sílẹ̀ nílé oúnjẹ rẹ̀ létí títì," ni olùkọ́ wí. "Ẹ̀rọ amúlétutù wà níbẹ̀, aṣọ funfun wà lórí àga. Ṣùgbọ́n àwọn àlejò ní ibi tó bá wu ọmọ ilé ìwé ni kó mú àwọn lọ. Ọwọ́ ẹ ló kù sí, Phailin."

Phailin wo bàtà rẹ̀. Eérú ààrò wà lára rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó yára nù ún kúrò.

Aago mọ́kànlá ni bọ́ọ̀sì dé. Ìyáàfin Orathai ni olórí àwọn àlejò náà, obìnrin àgbà kan tó gé irun funfun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ ló di Phailin lọ́wọ́ mú.

"Ọmọ mi, jọ̀wọ́ gbà wá," ló wí. "Ìlú mẹ́rin la ti dé, ìrẹsì díndín kan náà ni wọ́n ń gbé ka iwájú wa. Gbogbo wọn ló ń sọ pé oúnjẹ ilé àwọn kò yẹ àlejò. Mú wa lọ síbi tí ìwọ fúnra rẹ ti ń jẹun."

Ẹ gbọ́ o! Obìnrin yìí fi ẹnu ara rẹ̀ bẹ̀ ẹ́! Ọ̀nà ẹ̀yìn tẹ́ḿpìlì kò tó ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Phailin wo ọ̀nà náà. Ó wo Mintra, tó ti gbé fóònù sókè. Ni ìtìjú bá kì í mọ́lẹ̀.

"Létí títì ni, mà," ló wí.

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n jókòó sínú afẹ́fẹ́ tútù, Ọ̀gbẹ́ni Decha sì ń pàtẹ́wọ́ sí àwọn agbáwo rẹ̀ kí wọ́n ṣe kíá. Khanom sen inú ọ̀rá ni wọ́n gbé wá, pẹ̀lú ọbẹ̀ pupa tó ń dán. Ìyáàfin Orathai tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ṣíbí sílẹ̀.

"Ṣúgà," ló wí. "Ṣúgà àti ọbẹ̀ inú páálí. Ọmọ mi, ṣé ibí lo ti ń jẹun lóòótọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Lójoojúmọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Decha rẹ́rìn-ín. "Ibo ni kó tún ti jẹun, mà? Kò sí oúnjẹ gidi nílùú yìí àfi níbí. Èyí tí àwọn arúgbó ẹ̀yìn tẹ́ḿpìlì ń sè, ẹ̀jẹ̀ àti ìdọ̀tí rírùn ni. A kì í gbé irú ẹ̀ fún ẹni ńlá."

 Ìdọ̀tí kẹ̀? Oúnjẹ Màmá Àgbà ni ọkùnrin yìí ń pè ní ìdọ̀tí! Ó wu Phailin kó dìde, kó da ọbẹ̀ aládùn náà sí i lára. Ṣùgbọ́n kí ni yóò wí? Ohun tí Decha fi ẹnu sọ, òun ti fi ẹsẹ̀ sọ ọ́ ṣáájú rẹ̀. Ó gbé omi mu.

Wọ́n ti ń múra àtilọ nígbà tí Bàbá Surin, awakọ̀ bọ́ọ̀sì wọn, wọlé. Ata ti pọ́n ètè rẹ̀, ọbẹ̀ sì ta sí àyà ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà, mo pẹ́. Abọ́ mẹ́ta ni mo jẹ! Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kadà níkòríta, wọ́n ní kí n gba ẹ̀yìn tẹ́ḿpìlì. Háà, ọbẹ̀ yẹn! Àtìgbà tí ìyá mi ti kú, mi ò jẹ irú ẹ̀ mọ́."

Ìyáàfin Orathai yíjú sí i. "Ẹ̀yìn tẹ́ḿpìlì wo?"

"Màmá arúgbó kan ló ń tà á níbẹ̀, mà. Ogún abọ́ ló tò kalẹ̀, ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bo oúnjẹ, àwọn aládùúgbò jókòó tì í. Ó kọ̀, kò gba owó mi. Ó ní àlejò ọmọ-ọmọ òun ni mí, pé Phailin ló ń kó ẹ̀yin yòókù bọ̀."

 Mintra, tó ti ń ya fídíò, rọra sọ fóònù rẹ̀ kalẹ̀.

"Ìyá rẹ àgbà?" Ìyáàfin Orathai kọjú sí Phailin. "Ìyá rẹ àgbà dáná dè wá nítòsí ibí, o wá kó wa wá lá ṣúgà? O sì wò mí lójú, o parọ́ lẹ́ẹ̀mejì!"

"Mà, mo rò pé ibẹ̀ ò dáa tó fún yín ni."

"Ta ló ní kó o bá mi rò ó? Mo bẹ̀ ọ́!"

Olùkọ́ Wichian fi ara wọ́lẹ̀. "Mà, ẹ jẹ́ ká sáré débẹ̀ nísinsìnyí."

"Aago kan ni ìlú tó kàn ń retí wa. Àwọn náà ti dáná sílẹ̀. Mi ò ní ṣe wọ́n bí ọmọ yìí ṣe ṣe ìyá rẹ̀ àgbà." Ó gbé báàgì rẹ̀, ó jáde. Kò pẹ́ tí bọ́ọ̀sì fi lọ.

Olùkọ́ rọra sọ sí Phailin létí pé, "Sọ fún wọn nílé pé táyà wọn ló bẹ́."

Nígbà tó délé, wọ́n ṣì jókòó. Etí khanom sen ti ń gbẹ lábẹ́ ewé. Bàbá Inkham ti lọ wẹ̀, ó ti wọ ẹ̀wù tó fi ń lọ sí ìgbéyàwó, ó sì fi òróró tẹ irun ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Àwọn dà?" Màmá Àgbà bi í.

"Táyà..." Phailin bẹ̀rẹ̀. Ó wo ẹ̀wù Bàbá Inkham. "Kì í ṣe táyà, mà. Ọ̀dọ̀ Decha ni mo kó wọn lọ. Ojú ibí ló tì mí." Ó bú sẹ́kún.

Màmá Àgbà dìde. Kò pariwo ní àkọ́kọ́.

"Ojú tì ọ́. Kí ló tì ọ́ lójú gan-an? Irú inú ọbẹ̀ yìí ni? Òun ló rán ọ nílé ìwé! Ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yìí ló ra bàtà ẹsẹ̀ rẹ!" Ìgbà yìí ni ohùn rẹ̀ wá ga. "Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Ìwọ ò tilẹ̀ fi ọwọ́ kankan júwe tiwa! Bí o bá ti sọ fún mi pé o ò fẹ́, ṣé mo máa pa ọ́ ni? O jẹ́ kí n pe ilé mẹ́fà jáde, o jẹ́ kí n máa yọjú sójú ọ̀nà bí aláìnítìjú!"

Phailin kúnlẹ̀, ó pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, ó fi orí kanlẹ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Dìde. Èmi ìyá rẹ ni, bó pẹ́ bó yá màá bínú tán. Àwọn tó tẹ odó ńkọ́? Ilé wọn ni kó o lọ kúnlẹ̀ sí. Láti òní lọ, o lè fọ abọ́, o lè ṣẹ́gi, ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ gbé oúnjẹ mi fún oníbàárà kankan mọ́. Ohun tó ń tì ọ́ lójú, má fọwọ́ kàn án."

Ilé mẹ́fà ni Phailin kúnlẹ̀ sí lọ́jọ́ kejì. Ìyá Chansom ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Bàbá Inkham ní, "Ìbàdí á san. Àmọ́ ìwọ ọmọ yìí, o dùn mí." Gbólóhùn kékeré yẹn dun Phailin ju ilẹ̀kùn títì lọ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, ìwé náà jáde. Ọ̀gá ilé ìwé gbé e dání níwájú òpó àsíá láàárọ̀, ó kà á sókè: "Ní Huai Som, a kò rí oúnjẹ kankan tí a kò lè rí nílé epo èyíkéyìí lójú ọ̀nà." Ó wo gbogbo wọn. "Kí ló fà á?"

"Táyà wọn ló bẹ́, sà," Olùkọ́ Wichian yára wí. "Wọn ò ráyè rìn."

"Irọ́ ni, sà!"

Phailin ti jáde síwájú kó tó mọ̀. Inú tó ń bí i ju ẹ̀rù lọ. "Èmi ni mo fà á. Wọ́n ní kí n mú wọn lọ síbi tí mo ti ń jẹun, mo kó wọn lọ síbi tí mi ò jẹun rí. Ìsọ̀ ìyá mi àgbà wà lẹ́yìn tẹ́ḿpìlì. Kò ní pátákó. Irú wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì wà nínú ẹ̀."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín.

"Ẹ máa rẹ́rìn-ín!" Phailin jágbe mọ́ wọn. "Nílé àwọn ìyá yín àgbà, kí ni wọ́n ń sè? Kì í ṣe òun náà ni? Ẹ ń jẹ ẹ́ nílé, ẹ ń bú u níta. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀, òun ni wọ́n fi kọ ìkọkúkọ nípa ìlú wa sínú ìwé. Ta ló máa bá wa pa á rẹ́?"

Kò sẹ́ni tó lè bá wọn pa á rẹ́, ìwé ti jáde. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sátidé, Olùkọ́ Wichian gba ẹ̀yìn tẹ́ḿpìlì wá, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ó jẹ abọ́ méjì, kò sì lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Lọ́sẹ̀ kejì, àwọn òbí bíi mẹ́jọ wá. Màmá Àgbà kò ti ìsọ̀ pa, àmọ́ ó ti fi mọ sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Phailin ń fọ abọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tọkọtaya kan gun alùpùpù dé láti ọ̀nà jíjìn, eruku bò wọ́n. Wọ́n ní ọlọ́kadà kan ló júwe ibẹ̀ fún àwọn. Màmá Àgbà bu oúnjẹ sínú abọ́ méjì, ó sì gbé e sórí pẹpẹ.

"Phailin, nu ọwọ́ rẹ. Gbé e fún wọn."

Phailin wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ dáadáa. "Èmi, mà? Bí wọ́n bá ní ó ń rùn ńkọ́?"

"Sọ fún wọn pé bó ṣe ń rùn nìyẹn."

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka ìtàn yìí, ọ̀rọ̀ yìí kò le. Bí ẹni tó ni ìkòkò bá ń fi ọwọ́ bo imú, kí ni a fẹ́ kí àlejò ṣe? Ẹni tó bá ń fi ohun ilé rẹ̀ pamọ́ nítorí ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́, àwọn tó ń làágùn lórí ohun náà ló ń tàbùkù sí. Phailin gbé abọ́ méjèèjì, ó gbé e síwájú àwọn àlejò, ó sì sọ orúkọ ẹni tó sè é fún wọn, àti orúkọ àwọn tó tẹ odó.