Ẹni Tó Ń Túmọ̀ Àwàdà fún Dádì

"Kò sí ẹni tó lè bá Delu du ipò! Wallahi, kò sí!" Huda fò dìde lábẹ́ igi dogonyaro. "Ẹni tó kó ẹran pamọ́ sínú fúláàsì, tó tún da tíì láti inú fúláàsì yẹn fún ọkọ rẹ̀!"

"Haba, Huda," Dámi dáhùn. "Ariwo lásán ni Gidan Tanimu. Ayálégbé Mẹ́rin ni eré tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín."

Ojoojúmọ́ ni àríyànjiyàn yìí ń wáyé ní àkókò ìsinmi nílé-ìwé wọn ní Kamazou, ní Kaduna: èwo ló dùn jù nínú eré aláwàdà méjèèjì orí tẹlifíṣọ̀n, Gidan Tanimu ti Hausa ni àbí Ayálégbé Mẹ́rin ti Yorùbá? Moróunkẹ́ dá jókòó lọ́tọ̀, ó ń fi igi ha ilẹ̀. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò mọ ohun tí wọ́n lè bá a sọ, nítorí náà wọn kì í sọ nǹkan kan. Wọ́n á kí i bí ẹni ń kí àgbàlagbà, wọ́n á sì gbójú kúrò.

"Ìwọ ńkọ́?" Dámi ṣàdédé bi í. "Ta lo fẹ́ràn jù nínú wọn?"

Moróunkẹ́ kò tíì wo èyíkéyìí láti ìgbà náà. Bí bàbá rẹ̀ bá ti tan tẹlifíṣọ̀n, yàrá ló ń wọ̀. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ojú wọn tún kúrò lára òun.

"Bàbá kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé nínú Ayálégbé Mẹ́rin," ó ní. "Ẹ̀yin ò tíì rí i ni? Bàbá tí kì í tètè rẹ́rìn-ín."

Ó jókòó sórí òkúta, ó gbọ́wọ́ lé ikùn, ó ṣe bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n. Lẹ́yìn náà ó yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí kò sí ẹnì kankan, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ béèrè pé, "Kí ló wí?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Kai! Tún un ṣe!" Ó tún un ṣe. Kò pẹ́ tí "Kí ló wí?" fi di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo kíláàsì. Bí olùkọ́ bá ti kọjú sí pátákó, ẹnì kan á sọ ọ́ lẹ́yìn. Wọ́n ń pè é mọ́ra, wọ́n ń bu ẹ̀pà fún un. Òun náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín.

Kò sí bàbá kankan bẹ́ẹ̀ nínú eré. Bàbá tirẹ̀ ni. Ògúntádé, bàbá rẹ̀, ti dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ kó tó wá máa ta páàtì mọ́tò ní Sabon Tasha. Hausa ọjà ló gbọ́. Hausa àwàdà máa ń sá mọ́ ọn lọ́wọ́. Kaduna ni wọ́n bí ìyá Moróunkẹ́ sí, òun ló sì ń túmọ̀ Gidan Tanimu fún ọkọ rẹ̀. Bàbá á yíjú sí i, á ní, "Kí ló wí?" Ìyá á sọ fún un, bàbá á wá rẹ́rìn-ín nígbà tí eré ti kọjá síbòmíràn. Ìyá ti lọ, ṣùgbọ́n ọrùn bàbá kò tíì gbàgbé: ó ṣì ń yí sí àga ìyá, Moróunkẹ́ sì ń rí i láti ẹnu ọ̀nà yàrá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, iná lọ ní àdúgbò Huda. Òun àti Dámi wá kan ilẹ̀kùn ilé Moróunkẹ́.

"Iná wà lọ́dọ̀ yín. A wá wo Gidan Tanimu," Huda wí, ó ti ń bọ́ bàtà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Dádì ò fẹ́ àlejò," Moróunkẹ́ rọra sọ.

"Ta nìyẹn?" bàbá ké láti pálọ̀. "Ṣé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ni? Jẹ́ kí wọ́n wọlé o!" Ohùn rẹ̀ dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti yà sí ilé náà.

Wọ́n kúnlẹ̀ kí i. Huda fẹ́ jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Rárá, ọmọ mi, bọ́ síbí. Mọ́mì Moróunkẹ́ ló ni ìyẹn."

Eré bẹ̀rẹ̀. Delu jágbe mọ́ Tanimu ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Bàbá yí orí sí àga òfìfo náà.

"Kí ló wí?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Dámi kó tó mọ̀. "Bàbá inú Ayálégbé Mẹ́rin nìyẹn! Èyí tí Moróunkẹ́ máa ń ṣe fún wa..." Ó fọwọ́ bo ẹnu.

Bàbá wo Dámi. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo àga náà. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wò ó bóyá omi ti ń yọ lẹ́yìnkùlé.

Huda ti ń wá bàtà rẹ̀. "Bàbá ẹ ni, Moróunkẹ́? O sì jẹ́ ká máa rẹ́rìn-ín?"

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Moróunkẹ́ bá bàbá níbi ẹ̀rọ omi. Ẹ̀rọ náà gbẹ. Ó kúnlẹ̀.

"Dádì, ẹ má bínú. Mo fi yín ṣe àwàdà nílé-ìwé. Mo kàn fẹ́ kí wọ́n máa bá mi sọ̀rọ̀ ni."

"Ṣé wọ́n rẹ́rìn-ín?"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín, sà."

"Mọ́mì rẹ náà máa ń fi mí rẹ́rìn-ín." Kò wo ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ mi ló ti ń rín in. Kò fi mí sílẹ̀ ní pálọ̀ lọ rín in níta."

Ó wọlé, ó pa tẹlifíṣọ̀n.

Lọ́jọ́ Ajé, Moróunkẹ́ jẹ́wọ́ fún gbogbo wọn lábẹ́ igi dogonyaro pé bàbá òun ni. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé àríyànjiyàn wọn lọ sẹ́yìn kíláàsì, kò sì sí ẹni tó bu ẹ̀pà fún un mọ́. Huda nìkan ló ṣì ń kí i.

Nígbà tí ọjọ́ Ẹtì tún pé, ó gbọ́ orin ìbẹ̀rẹ̀ eré náà láti yàrá. Ó jáde, ó dúró níwájú àga ìyá rẹ̀. Bàbá wò ó, kò sọ pé kó bọ́ síbòmíràn. Moróunkẹ́ jókòó.

Delu sọ ọ̀rọ̀ kan. Bàbá ò yíjú; ó ti ń ṣọ́ ọrùn rẹ̀ kó má baà tún yí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Dádì," Moróunkẹ́ wí, "ó ní ẹran náà ò sọnù, ó kàn lọ kí ikùn òun ni."

Eré ti kọjá lọ jìnnà kí ẹ̀rín tó gba ojú bàbá.

Ìgbà náà ló yé Moróunkẹ́ pé a kì í fi ọgbẹ́ ọkàn ẹni tó fẹ́ràn wa ra ọ̀rẹ́. Òun àti bàbá ti ń dá wà nínú ilé kan náà, ọ̀kan ní pálọ̀, ọ̀kan ní yàrá, òun sì ń wá ẹni tó máa bá òun sọ̀rọ̀ kiri níta, nígbà tí ẹnì kan ń béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àga òfìfo nínú ilé.