Huda, Hidayat àti Ṣùkù Àgbàdo

Huda ń gbé ní Basin, ní ìlú Ìlọrin. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé, ó jí, ó sì bá àlejò nílé.

Àlejò náà kéré. Hidayat ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ àǹtí Huda ni, abúlé ló ti wá. Ìyá rẹ̀ ti lọ bímọ ní ọsibítù.

Hidayat jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó di àpò aṣọ rẹ̀ mú pinpin. Kò sọ̀rọ̀.

Ìyá Àgbà gbé ògì àti màsà fún un. Kò jẹ ẹ́. Kò sọ̀rọ̀.

Huda gbé bèbí rẹ̀ wá. Bèbí yìí máa ń kọrin bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ níkùn. Huda tẹ̀ ẹ́, ó kọrin. Hidayat kọjú sí ògiri. Kò sọ̀rọ̀.

Abdulmateen, ẹ̀gbọ́n Huda, gbé mọ́tò ìṣeré rẹ̀ wá. Fùùù! Mọ́tò sáré wọ abẹ́ àga. Hidayat kò tilẹ̀ wò ó.

Àánú rẹ̀ ṣe Huda. Ó bi Ìyá Àgbà pé ṣé ọmọ yìí kò lè sọ̀rọ̀ ni. Ìyá Àgbà ní ó lè sọ ọ́ dáadáa, ìyá rẹ̀ ló ń rò.

Ìyá Àgbà lọ jókòó sí àgbàlá, ó ń yín àgbàdo. Hóró ń bọ́ sínú abọ́: pàrà, pàrà, pàrà. Ṣùkù ń bọ́ sílẹ̀: pọ̀, pọ̀, pọ̀.

Ṣùkù di òkìtì. Huda mú ọ̀kan. Ó mú òmíràn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n.

Abdulmateen bi í pé, "Kí lò ń ṣe?"

"N kò tíì mọ̀," ni Huda wí.

Abdulmateen ní ilé ni kó kọ́. Ó ní ilé gbọ́dọ̀ ní igun mẹ́rin, kí ilẹ̀kùn wà níwájú. Ó bá a tò ó tán pátá, ó sì gba ìta lọ.

Ilé náà dára. Ṣùgbọ́n kò ku nǹkan kan tí Huda lè ṣe sí i mọ́.

Ó fi ìka kan tì í. Wòò! Ilé wó.

Huda tún bẹ̀rẹ̀. Ó to ṣùkù síhìn-ín, ó to ṣùkù sọ́hùn-ún. Ó kó òkúta sí i. Ó tẹ́ ewé máńgòrò sáàárín.

Ìyá Àgbà bi í pé kí ni.

"N kò tíì mọ̀, Ìyá Àgbà."

Ìyá Àgbà mú àgbàdo mìíràn. Ó ń yín àgbàdo rẹ̀ lọ. Pàrà, pàrà, pàrà.

Nǹkan dún lẹ́yìn Huda. Ṣìrì, ṣìrì, ṣìrì. Hidayat ló ń wọ́ àpò rẹ̀ bọ̀.

Huda kò pè é. Ó kàn sún, kí àyè lè wà.

Hidayat lóṣòó. Ó mú ṣùkù kan. Ó ki igi tín-ín-rín mẹ́rin bọ abẹ́ rẹ̀. Ó ki méjì bọ orí rẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀. Ó dúró!

"Màálù ni," ni Hidayat wí.

Ọwọ́ Ìyá Àgbà dúró sórí àgbàdo. Lẹ́yìn náà, ó tún ń yín in lọ.

Huda bèèrè ibi tí màálù yóò ti mu omi. Hidayat nawọ́ sí ewé máńgòrò.

Ewé di odò. Òkúta di àpáta. Màálù kan di méjì, méjì di agbo. Wọ́n ń fẹ́ òkè tí wọn yóò gùn.

Hidayat ronú díẹ̀. Ó gbé àpò aṣọ rẹ̀ kalẹ̀. Àpò di òkè.

Mùùù, mùùù. Màálù ń gun òkè lọ. Ọ̀kan yọ̀, ó já sódò, pó! Hidayat rẹ́rìn-ín.

Ṣùkù yẹn ni Ìyá Àgbà fẹ́ fi dáná. Ó wo agbo náà títí. Ó lọ tan gáàsì.

Lọ́sàn-án, Hidayat jẹ màsà méjì. Ó bu díẹ̀ fún màálù.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, màálù ti kún àgbàlá. Pí-pí! Bàbá Huda dé. Abdulmateen ṣí géètì, mọ́tò fẹ́ wọlé.

Ìyá Àgbà na ọwọ́ sókè. "Dúró níbẹ̀. Màálù ń kọjá."

Bàbá Huda pa mọ́tò. Ó yọrí lójú fèrèsé. Ó sọ fún Hidayat pé ìyá rẹ̀ ti bí obìnrin, àlàáfíà ni wọ́n wà, alihamudulilai. Ó ní lọ́la ni wọn yóò lọ kí wọn.

Hidayat gbọ́. Ó wá inú òkìtì títí ó fi rí ṣùkù kan tó kéré bí àtàǹpàkò. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ màálù tó tóbi jù.

"Ọmọ rẹ̀ nìyí," ló wí.

Bàbá Huda dúró títí ọmọ màálù náà fi kọjá.